Àwọ̀ Eyín Ọ̀gá Ẹ̀rín

Àìkú, 2 oṣù kẹta
Àtẹ̀gùn kan náà la jọ já bọ́, èmi àti Ọ̀gá Ẹ̀rín — ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Ṣájà fóònù la ń jà sí. Eyín iwájú kan yọ lẹ́nu ẹ̀, ọ̀kan yọ lẹ́nu mi. Òun ni wọ́n gbin síkúrù sínú egungun fún. Èmi, eyín oníke tí mò ń yọ sínú ife bí arúgbó. Màmá ní egungun ẹnu mi ṣì ń dàgbà, kí n ní sùúrù. Ṣé èmi ni mo ní kó máa dàgbà?

Ìṣẹ́gun, 4
Dókítà eyín ni Màmá tipẹ́, ó tún padà sí kíláàsì. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de eyín tuntun mọ́ síkúrù. Ẹnu oníke kún orí tábìlì oúnjẹ wa. Àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Ìyá Àgbà. Eyín Ọ̀gá Ẹ̀rín ló máa fi ṣe ìdánwò: bó bá dára, Màmá yege. Ẹnu ẹnìkan wá di ìdánwò gbogbo ilé.

Ọjọ́bọ̀, 6
"Ya ẹnu, ọmọ mi àtàtà." Ìgbà mẹ́wàá ni Màmá sọ ọ́ fún Ọ̀gá Ẹ̀rín lónìí.

Ẹtì, 7
Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bi mí pé ṣé mo ti jẹun. (Mo ti jẹun o.)

Àbámẹ́ta, 8
Wọ́n yan àwọ̀ eyín náà. Lẹ́bàá fèrèsé, Màmá ń gbé àwọn eyín kéékèèké onínọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ẹ̀gbọ́n mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní A2 ló jọ lójú òun. Ó pè mí: "Ojú tìẹ mú, wá bá mi wò ó."
A2 ni. Ó hàn gbangba.
Ọ̀gá Ẹ̀rín ní, "Ẹ má bi Aláàlàfo yìí o, ìlara ń pa á!" Ó fẹ̀rín sí i.
Mo ní A3 — èyí tó pọ́n jù ú lọ.
Màmá nu gíláàsì ojú ẹ̀, ó tún wò ó. "Ó dáa. Ojú ọmọdé ni n ó gbà."
Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù.

Àbámẹ́ta, 15
Inú mi dùn. Inú mi ò dùn.

Àbámẹ́ta, 22
Wọ́n de eyín náà lónìí. Ó dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n ó pọ́n bí eyín amusìgá láàárín àwọn tó kù. Olùkọ́ bèèrè ẹni tó yan àwọ̀ yìí. Màmá ní, "Èmi ni, sà." Kò dárúkọ mi. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Ọ̀gá Ẹ̀rín fọwọ́ bo ẹnu délé. Ó dùn mọ́ mi, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ajé, 24
Màmá ò lọ sí kíláàsì. Ó ń sọ fún àbúrò ẹ̀ lórí fóònù: "A2 ni mo rí, A3 lọmọ rí. Ojú mi ti ń kú. Dókítà tí ò rí àwọ̀, kí ló fẹ́ ṣe lẹ́nu ẹlẹ́nu? Mo ti kọ lẹ́tà pé mo fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀." Ohùn ẹ̀ rí tín-ín-rín.

Ìṣẹ́gun, 25
Mo sọ fún un. Mo ní A2 ni mo rí, mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni.
Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.
Ó ní kí n mú mẹ́fà nínú eyín onínọ́ńbà, kí n fọwọ́ bo nọ́ńbà. Ó dárúkọ wọn. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ojú mi ò fọ́!" Ó fa lẹ́tà ya wẹ́wẹ́.
Mo ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára àga.

Ọjọ́rú, 26
Mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Orin ló ń kọ lọ.