Ìrẹsì tí Hanif Dà Sílẹ̀

Múríkátù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Alhaji ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé yín ní Moabit ní Berlin. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hanif ọmọ rẹ ni mo fi kọ̀wé, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Máníjà nítorí páálí tó ń tò nílé ìkẹ́rù kan ní Billbrook, ní Hamburg níbí. Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú mi, ó ní oúnjẹ pẹ́, ló bá da ìkòkò ìrẹsì sílẹ̀. Lojini ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń ṣà á.

"Jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́. Ara Huminodun ni."

Ẹ̀yà Kadazan ní Malaysia ni Lojini. Wọ́n ń pìtàn nílé wọn pé Huminodun ni ọmọbìnrin Ọlọ́run tí bàbá rẹ̀ pa nígbà ìyàn kí aráyé lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹran ara rẹ̀ ló di ìrẹsì.

"Àlọ́ ọmọdé!" Hanif tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìka méjì kán. Mo la ọ̀pá ìrìn mi mọ́ ọn lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́ tíṣà.

Lojini wà lọ́dọ̀ mi ní Veddel. Ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Hanif ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ rẹ ni òun fi pásípọ́ọ̀tù Lojini pamọ́ sí. Fi ránṣẹ́ lọ́la, má wá bẹ̀ mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Kó ṣọ́ Hanif náà, ṣùgbọ́n kó má ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Wàhábì