Páálí Bàbá Klárà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yín. Inú ló ń bí mi. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni mo ti wà láàárín àwọn páálí yín nínú ilé yín ní Alibon, ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí. Eruku ò jẹ́ kí n mí, ẹ̀yìn ń ro mí, káńsù tó ni ilé sì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ wọn lópin oṣù yìí. Bàbá ẹlòmíràn á kú, á fi aṣọ àti bàtà sílẹ̀. Ẹ̀yin fi àwọn amí ogun Àrápáhò sílẹ̀ fún mi.

Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọn ò mọ Ìjẹ̀bú Òde, tí wọn ò mọ Dagenham, tí wọ́n gun ẹṣin níwájú ṣọ́jà Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un láti bá wọn tọpa ọ̀nà, àwọn ló gba yàrá tó yẹ kí àlejò máa sùn sí. Ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi wọṣẹ́ ológun wà níbẹ̀, ti ìgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí àwọn ọ̀gágun kọ fún àwọn olórí wọn pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Fọ́tò ò lóǹkà. Gbogbo ohun tí ẹ fi ìgbà ìfẹ̀yìntì yín kọ̀wé béèrè kiri nìyẹn, tí ẹ ò sì ráyè lọ fi eyín yín han dókítà.

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù kábọ́ì lẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn nígbà èwe yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yín ló sọ ọ́ di àìsàn. Wọ́n wà lára ọmọ ogun òyìnbó tó jagun dé Bọ́mà. Nígbà tí akọ̀wé ológun fẹ́ kọ orúkọ wọn, ó fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún wọn: Súlè Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú mélòó ló ń jẹ́ Súlè? Ẹ wá wọn títí nínú ìwé, ẹ ò rí wọn. Ẹ wá gba bàbá ẹni ẹlẹ́ni mọ́ra.

Mo ṣì ń rí yín. Ẹ ti kírun àsùbáà tán, fìlà wà lórí, ife tíì tí mílíìkì ti sọ di ẹ̀kọ wà lọ́wọ́. Ẹ ó dúró níwájú fọ́tò wọn, ẹ ó tẹ orí ba díẹ̀, ẹ ó sì kí wọn kú àárọ̀ kí ẹ tó ṣí fáìlì. Màmá a máa sọ fún yín pé wọn ò ní dá yín lóhùn. Ẹ ò jẹ́ gbọ́.

Gbogbo ìyẹn, mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni bí ẹ ṣe to ìwé. Ọkùnrin kan wá wò wọ́n láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Inú rẹ̀ ń dùn bọ̀ títí ó fi yí fáìlì sẹ́yìn tó rí ohun tí ẹ kọ. Kò sí orúkọ ṣọ́jà kankan níbẹ̀. Bàbá Lúùsì. Bàbá Tọ́másì. Bàbá Klárà. Olórí tí àwọn ọ̀gágun ń bọ̀ lọ́wọ́ pàápàá, Bàbá Ìbejì lẹ pè é. Mo wá ń ṣàlàyé fún òyìnbó pé bàbá mi ò lè pe àgbà lórúkọ, pé orúkọ ọmọ la fi ń pe àgbà nílé wa. Ó ní tí mo bá tún gbogbo rẹ̀ tò, kí n fi orúkọ tí àwọn ológun kọ sí i, àwọn á gbà á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí àyè.

Kí ló ṣe yín gan-an? Àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá yín, ta ni ìbá bá yín jà pé ẹ pè wọ́n lórúkọ? Ẹ rántí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ yín títí ní ọsibítù, tí ẹ jókòó tí ẹ ń wo ògiri, tí ẹ rò pé ẹlòmíràn ni? Láti mọ́ṣáláṣí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹran, orúkọ mi ni gbogbo ayé fi ń pè yín. Wọ́n gbé àyè yín fún ẹlòmíràn, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú níbẹ̀.

Mo gbìyànjú àtitún ìwé yín tò. Mo kó wọn sórí tábìlì ìdáná, orí mi sì dàrú. Ọkùnrin kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ń pè é ní Jákì, òmíràn sọ ọ́ lórúkọ ẹyẹ, ẹ̀kẹta kọ ohun tó wù ú. Èwo nínú rẹ̀ ni kí n kọ? Ṣẹ̀rífá, ọmọ yín kékeré, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí dúdú lọ́wọ́.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká just bin gbogbo ẹ̀ jàre. Nobody is coming for it, I swear down.”

Mo gbọ́ sí i lẹ́nu. Mo ti gbé páálí kan dé ẹnu géètì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni obìnrin kan kọ̀wé sórí kọ̀ǹpútà yín láti Wyoming ní Amẹ́ríkà. Ó rí ìbéèrè kan tí ẹ ti fi síta tipẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àrápáhò ni, ó ti dàgbà, ó sì ń wá bàbá tó bí ìyá rẹ̀ àgbà. Ibi gbogbo tó ti béèrè, orúkọ tí bàbá náà fi wọṣẹ́ ológun ni wọ́n ń bi í. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ló mọ̀. Klárà.

Bàbá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo sáré lọ gbé páálí ẹnu géètì wọlé, mo na ọwọ́ sínú rẹ̀, Bàbá Klárà sì wà níbẹ̀: ọkùnrin olórúkọ mẹ́ta yẹn, tí ẹ ti so ìwé wọn pọ̀ pẹ̀lú àkísà dàńṣíkí yín, torí ẹ ti rí i nínú ìwé tí ìyàwó wọn fọwọ́ sí lẹ́yìn ikú wọn pé àwọn ló bí Klárà. Fọ́tò wọn wà níbẹ̀. Mo pe màmá Àrápáhò náà, mo fi hàn án lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́. Ó wá béèrè ohun tí ẹ kọ sẹ́yìn fáìlì, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un pè. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu tirẹ̀, Bàbá Klárà, Bàbá Klárà, títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Mo bú sẹ́kún, inú sì tún bí mi, torí ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Kí lẹ ń kánjú lọ ṣe?

Mo pe ọkùnrin àwọn ìwé àtijọ́ yẹn padà. Mo ní kó kọ orúkọ ológun sísàlẹ̀ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa èyí tí ẹ kọ rẹ́. Ó ní òun á bi ọ̀gá òun. Ó ṣì ń bi ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà gbogbo wọn ti kó wá sí fúláàtì mi ní Goresbrook. Bàbá Ìbejì wà níbi tí mo ti ń lọ aṣọ, mo sì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá Tọ́másì kí n tó gba orí wọn kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀. Láàárọ̀ àná, mo ti kí gbogbo wọn tán kí n tó mọ̀. Ẹ rí ohun tí ẹ sọ mí dà?

Ó ku ọ̀rọ̀ òkúta ibojì yín. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ béèrè orúkọ yín, mo kọ ọ́ fún un bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín. Nígbà tí mo kà á, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ Bàbá sókè gàdàgbà, kó wá fi orúkọ mi tì í. Ṣẹ̀rífá ní àwọn èèyàn á rò pé èmi ni mo kú. Kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá yín lọ́jọ́ iwájú, ọ̀dọ̀ mi ni kó gbà wá.

Èmi tí wọ́n ń fi orúkọ mi pè yín ni mo kọ ọ́. Mo ṣì ń bínú, mo sì fẹ́ràn yín.