Èsì Tí Láyí Fún Mi

Lálúpọn,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Zubaidah,

Ẹ bá wa kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ẹsẹ̀ ìyá wa ò wú mọ́, wọ́n ti ń yan gàrí.

Mo ní kí Láyí, ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì, bá mi lọ síbi ijó ìdágbére ilé-ìwé wa. Ó ní, "Màá rí i ná." Mo rò pé ojú ló ń tì í, inú mi sì ń dùn. Àfi lánàá tó ní, "Tó o bá máa bọ́ hìjáábù, a jọ ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra! Mo ní, "Má wulẹ̀ rí i mọ́." Mo bá kọjú sí ilé.

Ẹ má sọ fún ìyá wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hìjáábù tuntun ránṣẹ́ sí mi. Mò ń lọ jó. Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Fàdìlàt