Iṣẹ́ Tí Wọ́n Tìtorí Rẹ̀ Pa Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Kòkòrò,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, àbí ẹkún nìkan lò ń sun lọ́hùn-ún? Èmi àti ìyá rẹ ṣì wà láàyè. Eyín mi mélòó kan ti lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi ń kọ lẹ́tà, kì í ṣe eyín.

Nígbà tí o pè lórí fóònù, gbogbo ará ilé ló sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe kú. Èmi bàbá rẹ ni yóò sọ ọ́. Jókòó.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti kọ ọ́ jáde pé ara màlúù ni kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ibà tó ń pa wá ti ń wá, ìjọba ti ti ilé ìpẹran pa. Ebi ń pa àwọn alápatà, ẹ̀gbọ́n rẹ náà wà lára wọn, inú ń bí wọn. Wọ́n ń sọ òkò sórí òrùlé wa, a fara dà á. Rédíò ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ tó tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ nínú ìwé tiwọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, pé lọ́dún yìí, kò sí iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́ka sí tó tìrẹ. Ṣe ni mò ń jó níwájú ilé bí wèrè! Ẹni tó ń ka ìròyìn wá fi kún un pé inú ilé ìpẹran gan-an ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ màlúù tí o fi ṣe é. Àwọn alápatà gbọ́. Wọ́n bi ara wọn pé ta nínú àwọn ló ní àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Mo ń jó irin géètì kan lójúde, ẹ̀gbọ́n rẹ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi ọrùn ẹ̀wù wọ́ ọ wá síwájú ilé. Mo gbé irin, mo là á mọ́ ọ̀kan lápá, mo gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe kán, inú mi sì dùn. N kò ní purọ́ fún ọ. Òmíràn já irin náà gbà lọ́wọ́ mi, ó fi gbá mi lẹ́nu, mo ṣubú.

Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá òun ló fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ká ní ó sẹ́ ni! Ó ní, "Èmi ni. Àwọn ọmọ yín náà ń kú, ẹ ò rí i ni?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ti jẹun nílé yìí àìmọye ìgbà, òun ló yọ ọ̀bẹ. Ó di orí rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn, ó sì dúńbú rẹ̀ bí ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ta sí mi lójú.

Ìyá rẹ gbé omi tó ń hó jáde, ó dà á sí ọ̀dájú náà lójú àti láyà, awọ ara rẹ̀ bó. Ọwọ́ ìyá rẹ náà bó, ṣùgbọ́n ó ti ń jinná díẹ̀díẹ̀.

Ọlọ́pàá ti mú apànìyàn náà. Àmọ́ lánàá, olórí àwọn alápatà wá bá mi. Ó ní kí o fa iṣẹ́ náà padà, kí o sọ ní gbangba pé irọ́ lo pa, kí wọ́n lè ṣí ilé ìpẹran. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò dáná sun wá mọ́lé. Mo tan iná ìjórin, mo ní kó tún un sọ. Ó sáré débi pé ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà níbí.

Nígbà tí ìyá rẹ sọ èyí fún ọ lórí fóònù lálẹ́ àná, ìwọ náà wá sọ pé o fẹ́ fà á padà nítorí tiwa. Láéláé! Bí o bá ní irọ́ ni, a jẹ́ pé orí irọ́ lọmọ mi kú sí nìyẹn. Kí wọ́n máa bọ̀. Irin pọ̀ nílé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kún un. Òun ló ní kí o má kọ òun sí i, kí wọ́n má baà pa òun. Wọ́n ti pa á, kí ló tún kù? Kí gbogbo ẹni tó bá ń tọ́ka sí iṣẹ́ yẹn máa pe orúkọ rẹ̀ náà.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. A ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó bí ẹ̀yin méjèèjì.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni ìyá rẹ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú tìrẹ. Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún mi, pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà jù ni wọ́n ń kọ síwájú, àti pé ibẹ̀ ni wọn yóò wò kí wọ́n tó fi ọ́ jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó bi mí pé, "Ta ló wá ṣe jù ú lọ?" Ìwọ ni kó o dá a lóhùn.