Mo kọ ìrántí ẹni tí kò kú

Mo ti fi bírò pa èèyàn kan rí, èèyàn náà sì wà láàyè dòní... Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá, kí n má baà ya wèrè. Tíṣà ni mí ní Ìlọrà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Fìdítì ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti jáde, a ò pọ̀, bí ẹnì kan nínú wa bá sín ní Iware, ẹni tó wà ní Imini á ti gbọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìròyìn tí a máa ń pín ní reunion ọdọọdún, ta ló bímọ, ta ló di vice principal, ta ló ti lọ sí òkè òkun, tó bá wá di ojú ewé tó gbẹ̀yìn, àwọn tó ti ṣaláìsí. Ọlọ́run fún mi ní ọwọ́ ìkọ̀wé, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọmọ Imini kan wà nínú set wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kọ́lá. Òun ló mọ̀wé jù nínú wa, àwọn tíṣà wa máa ń sọ pé ti Kọ́lá á yàtọ̀. Lásìkò SAP, nígbà tí nǹkan le koko, ó lọ ṣe tíṣà ní Kàdúná, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan nínú wa ti òkè Ọya dé, ó ní mọ́tò kan gbókìtì, àwọn tíṣà Yorùbá ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ní Kọ́lá wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sin wọ́n síbẹ̀. Ṣé kò yẹ kí n lọ béèrè ní Imini? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ bi ìyá pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yín kú? Bí wọn ò bá tíì túfọ̀ fún un ńkọ́? Mo rò pé àwọn àgbà ilé wọn ti gbọ́, pé ńṣe ni wọ́n ń fi bò fún ìyá. Ni mo bá jókòó, mo kọ ìrántí Kọ́lá, ojú ewé kan gbáko. Mo kọ ọ́ pé kò sí ọjọ́ kan tí kì í dárúkọ ìyá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, mo kàn rí i pé gbólóhùn náà dùn... Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n gbá mi mọ́ra. Ìwé náà dé Imini. Àṣé àwọn àgbà ilé náà ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn alákọ̀wé ò lè tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde tí kò bá dá wọn lójú. Ìwé mi ni wọ́n fi túfọ̀ fún màmá Kọ́lá. Àwa ń wojú wọn, àwọn náà ń wojú wa, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan.

Àtìgbà náà ni màmá ti ń wá sí reunion wa. Wọ́n á wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, a ó gbé àga wọn síwájú. Torí wọn ni a ṣe ń tún ìrántí náà tẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń kà á fún wọn, tí mo bá ti dé ibi tí Kọ́lá ti ń dárúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n á ní kí n tún un kà. Màá sì tún un kà.

Lọ́dún kẹta, a fi stencil tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn fúnra wa sílẹ̀, a ní ká gbé ìwé wa lọ fún àwọn atẹ̀wé n'Íbàdàn. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá, ọkùnrin kan tẹ̀ba sórí tábìlì, ó ń to àwọn lẹ́tà onírin kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún íńkì. Ó gbójú sókè. Kọ́lá ni. Orí ìdì bébà ni mo jókòó lé. Ó ní òun ò wọ mọ́tò yẹn rárá, wọ́n ti dá òun dúró níṣẹ́ ṣáájú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun wálé. Ó ní ẹnì kan gbàgbé ìwé wa sí ṣọ́ọ̀bù náà, òun ń kà á, lágbájá ti di vice principal, tàmẹ̀dò ti wà ní òkè òkun, àfi bí òun ṣe ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn tí òun rí òkú ara òun níbẹ̀... ara sì tu òun. Kò sí ẹni tó máa bi òun léèrè mọ́ pé kí ni o dà. Ó ní tí mo bá jí òun dìde, kí ni mo fẹ́ kọ sábẹ́ orúkọ òun? Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ. Mo búra kíákíá, kí n má purọ́ fún yín, torí tó bá hàn síta, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú? Ó wá gba bébà lọ́wọ́ mi, ó to ìrántí ara rẹ̀, ó tún àṣìṣe mi ṣe níbi méjì. Ọdọọdún ló ń tò ó. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè, ṣé màmá wá?

Èyí tó wá ká mi mọ́ báyìí rèé. Màmá ò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí wọn ní Imini, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má sunkún, àwọn ò bẹ̀rù ikú, torí Kọ́lá ti ṣáájú, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí de àwọn. Wọ́n ní ohun tí àwọn máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé mo tọ́jú àwọn dípò rẹ̀. Mo sáré lọ sí Ìbàdàn, mo sọ fún Kọ́lá, ó ní mo ti búra, ó yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn lẹ́tà ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ṣà wọ́n.

Kí ni kí n ṣe, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà? Tí mo bá sọ, ṣé ìjayà kò ní pa màmá? Ṣé Kọ́lá kò ní sá lọ pátápátá? Ẹni tó ní kí n tún un kà lọ́dọọdún, ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ń lọ... torí tí màmá bá dé ọ̀hún, tí wọ́n wá ọmọ wọn tí wọn ò rí i, ta ló máa ka ìwé fún wọn níbẹ̀?