Àmín tí mo ṣe sí àdúrà Dádì

Ọjọ́ Àìkú, Ekosodin

Mo ti padà sí yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n mi ò lè kàwé.

Nílé wa ní Ikpoba Hill nírọ̀lẹ́ yìí, Dádì gbàdúrà fún ìrìnàjò ìsinmi wa sí erékùṣù Mauritius. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n dárúkọ àwọn tó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Olúwa, mú èmi àti ìyàwó mi lọ, mú wa bọ̀. Mú Táyọ̀ lọ, mú un bọ̀. Mú Ìfẹ́ lọ, mú un bọ̀." Mo ń ṣe àmín kíkankíkan fún àwọn òbí mi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì. A ti ń ka oore-ọ̀fẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn ò dárúkọ mi.

"Mọ́mì, èmi ńkọ́?"

"Ṣé o ò ní ìdánwò ni? Dádì ẹ ò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ẹ fà sẹ́yìn."

Ìdánwò tí a ò tíì mọ ọjọ́ rẹ̀! Kò sẹ́ni tó bi mí.

Táyọ̀ àbúrò mi kàn ń rẹ́rìn-ín. "Sister, no vex. We go snap picture for you."

Èmi ni mo wá hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa dé sí níbẹ̀. Mo yan èyí tí òkun iwájú rẹ̀ ò jinlẹ̀, torí Táyọ̀ yìí kan náà ò lè lúwẹ̀ẹ́.

Bóyá ẹni tó bá ti wọ yunifásítì ti di àlejò nílé nìyẹn. Tàbí èmi ni mo ń ṣe bí ọmọdé... Mi ò mọ̀.

Ọbẹ̀ tí Mọ́mì bù fún mi ṣì wà nínú ike. Mi ò ṣí i.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá Dádì jiyàn báyìí? Nínú gbogbo wa, àmín tèmi ló ròkè jù.