Ọmọ Mi Tí Ìwé Yín Pè Ní Òkú

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìsàlẹ̀ Gángan,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 1956.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtura,
Ìta Fájì,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PA Ọ̀RỌ̀ IKÚ ỌMỌ MI RẸ́ NÍNÚ ÌWÉ YÍN, KÍ Ẹ SÌ WỌ̀N Ọ́N

1. Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá, ìyàwó mi, Hàwáwù, bí ọmọbìnrin sọ́dọ̀ yín. Oṣù rẹ̀ kò pé. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kò tó pọ́n-ùn mẹ́rin.

2. N kò ní di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú kò ju oṣù méje lọ nígbà tí Hàwáwù lóyún èyí. Ibà dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹyinjú rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, èmi kò sì gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbé ibà yẹn wá sọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pín fún aláìsàn lọ́jọ́ náà ti tán.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó bímọ, agbẹ̀bí kan wí fún ìyá mi, Àmúdàtù, pé: "Ìyá, ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú, èyí kò ní rí alẹ́." Ó ní àwọn fẹ́ lo bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi gbé ọmọ sí àyà rẹ̀ lásán, ó fi ìborùn dì í mọ́ra, òun àti Hàwáwù sì rìn wálé. Kò sí òṣìṣẹ́ yín kan tó wá wò ó nílé.

4. Láti ọjọ́ náà, àyà wa ni ọmọ yìí ń gbé. Hàwáwù ń fún ọmú sínú ṣíbí, ó ń kán an sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹjọ, Ààfáà sọ ọ́ ní Afusat. N kì í lè jókòó pẹ́ níbi iṣẹ́. Mo máa ń sáré wálé wá tẹ́tí sí èémí imú rẹ̀.

5. Nígbà tí a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, a gbé e wá fún wíwọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì. Akọ̀wé yín ṣí ìwé síbi orúkọ Hàwáwù, ó ní: "Ọmọ yìí ti kú láti oṣù Keje. N kò lè kọ ìwọ̀n fún òkú." Afusat ń ké lọ́wọ́ bó ti ń sọ ọ́. Ìyá mi ní kó wo ọmọ. Ó ní ìwé ni òun ń wò. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Hàwáwù, omi ọmú sì ti ń dín kù.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa ọ̀rọ̀ ikú yẹn rẹ́, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń tóbi sí i ni tàbí ó ń lọ. Ẹ má sì tún jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà lé aboyún tí ibà ń ṣe padà. Lọ́la, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, a ó gbé e wá. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń mú un gbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró níta.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé òpin.

Èmi ni tiyín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Lùkúmọ̀n Àkàndé,
Bàbá Afusat.